Pijó ti dàgbà: páàtì ojúlówó ni kẹ́ ẹ rà ni, àbí ti Taiwan?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà ní Aké, l'Ábẹ́òkúta, tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú. Ọkọ ìyá yìí ti dolóògbé, Pijó 504 kan tí wọ́n tò ní Kàdúná ló fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí ní kó tà á, ìyá ní rárá o. Ọkọ̀ yẹn ló gbé àkọ́bí ẹ̀ délé láti ọsibítù. Òun náà ló ń kó ẹrù àdìrẹ lọ s'Ékòó lọ́sẹ̀ méjì-méjì báyìí, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ń wà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n di ẹrù sínú búùtù kún fọ́fọ́, ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù. Jíà àti háńdì bíréèkì ló fi rí ọkọ̀ dá dúró. Ìyá ò lè sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀gá mẹkáníìkì wo abẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́, ó dìde.

"Màmá, páàdì ti jẹ tán, rọ́bà inú sílíńdà bíréèkì náà ti kú. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà o. Ọríjínà wà, àmọ́ ó wọ́n. Bẹ́líjíọ̀mù wà, ìyẹn tòkunbọ̀. Taiwan náà sì wà, òun ló pọ́ọ́kú jù. Èwo la fẹ́ rà?"

Ìyá wò ó lójú. "Ọmọ mi, ká ní ìyá ẹ ló máa jókòó sínú ọkọ̀ yìí, èwo lo máa rà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè ìyá yìí ni gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ àgbà ń bi ara ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan á ní ọríjínà làwọn ń fẹ́, bó jẹ́ pé àwọn máa yá owó. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ tó ti darúgbó, kí lèèyàn tún ń náwó gọbọi lé lórí, ẹ fi Taiwan sí i jàre. Àwọn méjèèjì ló lè ṣìnà. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí ló yẹ ká kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: bí páàtì yìí bá jáni kulẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀?

Bí 504 ṣe di ará ilé

Ọdún 1968 ni Pijó 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1969, òun ni wọ́n fún ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ́dún náà ní Yúróòpù. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá iléeṣẹ́ Peugeot tọwọ́ bọ̀wé ní 1972, nígbà tó sì di 1975, iléeṣẹ́ PAN ní Kàdúná ti ń to ọkọ̀ jáde. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Bàdágìrì, tí ọkọ̀ tí a mọ̀ sí ìjàpá fi gba ìgboro kan.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì nìkan ni 504 o. Ọkọ̀ eré ìje ni pẹ̀lú. Ní 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje Safari ní Kenya, níbi tí ẹrẹ̀, eruku àti kòtò ti ń ba ọkọ̀ olówó ńlá jẹ́. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi èyí tó jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára jù, gba ti Safari, ó tún gba ti Bandama ní Ivory Coast lọ́dún kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yìí fi wu àwọn onímọ́tò wa. Stéṣọ̀n wágọ̀n ẹ̀ ló gbòde ní gáréèjì gbogbo, tó ń fi ọ̀nà jíjìn ṣeré, èrò inú ẹ̀ á fún pọ̀, ẹrù á wà lókè.

Àmọ́ ohun gbogbo ló nígbà. Àwọn Faransé dáwọ́ dúró lórí 504 ayọ́kẹ́lẹ́ ní 1983. Kàdúná ń to tiwa lọ títí wọ inú àwọn ọdún 2000, kó tó ó parí. Ìyẹn ni pé 504 tó kéré jù lọ́jọ́ orí lónìí á ti tó ogún ọdún, èyí tó sì pọ̀ nínú wọn ti lé lógójì. Ọkọ̀ tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, gbogbo oríkèé ara ẹ̀ ló ń béèrè nǹkan.

Owó náà ò tún dúró sójú kan. Ní 1985, dọ́là kan ò tó náírà kan. SAP dé ní 1986, nígbà tó fi máa di 1987, dọ́là kan ti di bíi náírà mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti páàtì tòkunbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀, nígbà tó di 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,400. Páàtì tó bá ti òkè òkun wá, iye tí dọ́là bá sọ ni yóò sọ. Ẹni tó bá ní òun ò lè ra ọríjínà, ahun kọ́ ló ń ṣe o, owó ni ò sí.

Kí là ń pè ní ọríjínà gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ kì í dá gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣe. Ó dà bí télọ̀: òun ló rán aṣọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló hun aṣọ, kì í ṣe òun ló ṣe òwú, kì í ṣe òun ló ṣe bọ́tìnnì. Ẹ wo kábúrétọ̀ Pijó 504. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Solex ni wọ́n kọ sí i lára. Solex kì í ṣe Pijó. Iléeṣẹ́ mìíràn ni, ó ń ṣe kábúrétọ̀ fún oríṣiríṣi ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bosch ti ilẹ̀ Jámánì àti Valeo ti ilẹ̀ Faransé ṣe ń ṣe páàtì fún àwọn tó ń to ọkọ̀, tí wọ́n sì tún ń ta páàtì lórúkọ ara wọn.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé páàtì kan lè wà nínú páálí oníkìnìún Pijó, kí ọmọ ìyá ẹ̀ wà nínú páálí ẹni tó ṣe é gan-an, kí owó wọn má sì jọra. Ẹni tó bá mọ̀, á ra ti ẹni tó ṣe é. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ, kò sì ra ayédèrú.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká kó gbogbo ohun tí kì í ṣe ti Pijó pọ̀, ká ní Taiwan ni gbogbo ẹ̀. Taiwan fúnra ẹ̀ ti di ìlú tí wọ́n ti ń ṣe páàtì gidi tí wọ́n ń rà káàkiri àgbáyé. Oríṣi méjì ló wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀kan ni páàtì tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, tó sì fi orúkọ ara ẹ̀ sí i. Bí kò bá dára, orúkọ tiẹ̀ ló bà jẹ́, nítorí náà á máa ṣọ́ra. Èkejì ni èyí tó jí orúkọ ẹlòmíràn lò: wọ́n ya kìnìún sí páálí, wọ́n kọ "Made in France" sí i, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é ò dé Faransé rí. Ayédèrú gidi nìyẹn, torí irọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Aké ti jà ìjà yìí rí

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta àdìrẹ, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín. Lónìí, ẹ̀ ń ráhùn pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ aṣọ nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń kó o wọ Ìtòkú, wọ́n ń pè é ní àdìrẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á yí ẹ̀yìn aṣọ wò, á gbóòórùn aró, á wò ó bóyá ọnà ibí àti ọnà ọ̀hún jọra jù, torí ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe kì í bára mu délẹ̀délẹ̀.

Ìjà yẹn pẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà ayé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, àwọn aláró Ẹ̀gbá ń lo aró òyìnbó àti sódà tó ń jó nǹkan, ìyẹn kọ́sítíìkì, dípò ẹ̀lú àti eérú nìkan. Ọjà àdìrẹ dẹnu kọlẹ̀, àwọn oníbàárà ní aṣọ ń tètè ya. Aláké ní kí wọ́n jáwọ́ nínú aró òyìnbó àti sódà. Àwọn aláró ò gbà. Nígbà tó di 1936, ọ̀rọ̀ náà ti le débi pé ìjọba òyìnbó gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Aṣọ funfun tí wọ́n ń pa láró gan-an, ilẹ̀ òyìnbó ló ti ń wá, kò sì ní kó má jẹ́ àdìrẹ Ẹ̀gbá. Sódà fúnra ẹ̀ ń mú iṣẹ́ yá. Bó bá pọ̀ jù, á jẹ aṣọ. Nítorí náà, pé nǹkan ti ibòmíràn wá ò sọ ọ́ di ayédèrú. Bí wọ́n ṣe ṣe é, ibi tí wọ́n lò ó sí, àti òótọ́ ẹni tó tà á, àwọn la fi ń mọ̀. Bí páàtì ọkọ̀ náà ṣe rí nìyẹn.

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ fọgbọ́n tọ́jú ọkọ̀ àgbà, kó pín páàtì sí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta kó tó yọwó.

Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀mí. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá jáni kulẹ̀, èèyàn lè kú. Páàdì bíréèkì wà níbẹ̀, rọ́bà sílíńdà, hóòsì bíréèkì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì-rọ́ọ̀dù, bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti táyà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ nínú wọn, ẹ má sì ra èyí tí ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti Pijó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, láti ọwọ́ ẹni tó lórúkọ. Páàdì ayédèrú lè dá ọkọ̀ dúró dáadáa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa ń tú u fó. Bí èèyàn bá ń tẹ bíréèkì láìsinmi, ooru á mú páàdì, èyí tí kò dára á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tàbí kó ṣí kúrò lára irin tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀, òkè àti àpáta la tẹ̀dó sí.

Apẹ̀rẹ̀ kejì ni ti àpò. Bí èyí bá bàjẹ́, kò ní pa yín, àmọ́ á dá yín dúró sọ́nà, tàbí kó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wọ́tà pọ́ǹpù, fáànù bẹ́líìtì, hóòsì rediétọ̀, púlọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì 504 lágbára, àmọ́ orí ẹ̀ tó jẹ́ alumíníọ̀mù kì í fẹ́ ooru àpọ̀jù. Bí bẹ́líìtì pọ́ọ́kú bá já, tí omi hó, tí dírẹ́bà ò tètè dúró, orí ẹ́ńjìnnì á wọ́. Owó tí wọ́n ṣọ́ lára bẹ́líìtì á wá di owó ẹ́ńjìnnì. Níbí, páàtì iléeṣẹ́ mìíràn tó lórúkọ dára púpọ̀. Ohun tó bá jẹ́ irin líle bíi jíà bọ́ọ̀sì tàbí búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, tòkunbọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa lè sàn ju tuntun tí kò níran lọ.

Apẹ̀rẹ̀ kẹta ni ti ojú. Bọ́ńpà, fẹ́ńdà, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ìdérí iná ẹ̀yìn, káwà ìjókòó. Ibí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́wó ná. Ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ ra Taiwan, ẹ fún panẹbítà ní èyí tó ti wọ́ kó tún un ṣe. Bí bọ́ńpà ò bá dán, kò sẹ́ni tó máa kú. Àmọ́ iná gbọ́dọ̀ máa tàn o, dígí ẹ̀gbẹ́ sì gbọ́dọ̀ ríran.

Ohun tó ń dunni ni pé òdìkejì èyí lọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n á ra bọ́ńpà ọríjínà tó ń dán yinrin torí ojú ayé, wọ́n á wá fi páàdì tí kò níran sábẹ́ ọkọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ọríjínà náà lè ti kú nínú páálí

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan. Ẹnìkan lè mú páálí Pijó tòótọ́ jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí eruku ti bò, kó ní, "Ọjà àtijọ́ nìyí o, irú ẹ̀ ò sí mọ́!" Òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ irin, tí kò dípẹtà, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ sá. Rọ́bà ń darúgbó bó ti lẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lò ó rí. Á gan, á sán, ooru ilẹ̀ wa á sì mú un yá. Hóòsì bíréèkì ọríjínà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú páálí burú ju ti iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lójú ọlọ́jà: bó bá ń fi ìlà wẹ́wẹ́ hàn, kò sí nǹkan níbẹ̀.

Táyà náà ń kọ́. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá rí 2419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ ti ọkọ̀ kékeré wà lára ohun tí ìjọba kà léèwọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kó wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ló kún ẹ̀gbẹ́ títì.

Bí ẹ ṣe máa rà á

Ẹ má lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú páàtì tí wọ́n tú sílẹ̀ dání, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò, ì báà ṣe Ládípọ̀ ní Múṣin. Ẹ gbé méjèèjì lọ́wọ́: ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára irin fúnra ẹ̀, ẹ má gba ti páálí nìkan, torí páálí rọrùn láti tẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i, bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ fún ọmọ iléèwé kó kà á. Iléeṣẹ́ gidi kì í ṣi orúkọ ara ẹ̀ kọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ríìnì, ẹ fi ọwọ́ yí i, kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìhan. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ páàtì sí. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ páàdì, ẹ pààrọ̀ tọ̀tún-tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa fà sápá kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sójú ọ́ìlì bíréèkì, gbogbo rọ́bà inú ẹ̀ ló máa wú.

Àjọ SON, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ló ń rí sí bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ kúnjú òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá mú ẹni tó ń ta ayédèrú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ẹjọ́ lọ. Ti ojú pópó, àwọn ẹ̀ṣọ́ FRSC ló ni ín, ọdún 1988 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó dàgbà ní Aké yìí kan náà, ni alága àkọ́kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ wà fún mẹkáníìkì náà, ó wà fún olówó ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tó ń gba owó ọríjínà, tí wọ́n ń fi ayédèrú sí i. Olè nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ ẹ̀. Àmọ́ àwọn olówó ọkọ̀ náà wà tó máa ná owó mẹkáníìkì títí yóò fi ku eegun, tí wọ́n á wá retí ẹran. Ohun tó lè tán ìjà ni pé kí owó páàtì wà lọ́tọ̀, kí owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀, kí olówó ọkọ̀ tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, kó sì gba páàtì àtijọ́ àti páálí tuntun padà. Mẹkáníìkì olóòótọ́ ò ní bínú sí i, ìyẹn gan-an ló máa fi orúkọ rere ẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aláàdìrẹ. Mẹkáníìkì ò tíì dá a lóhùn. Ó yọ fìlà.

"Màmá, bó bá jẹ́ ìyá mi, páàdì àti rọ́bà tuntun ni, ti iléeṣẹ́ tó lórúkọ. Iná ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ní kí n tún pààrọ̀, ẹ jẹ́ ká ra Taiwan. Bọ́ńpà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé owó bọ́ńpà á tó fi kún ti bíréèkì?"

"Á tó, Màmá, ó tiẹ̀ máa ṣẹ́kù."

Ìyá tú etí ìró, ó ka owó síta. "Ó dáa. Dúró dè mí kí n mú bàtà, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ tà fún mi, mo máa ń yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Páàtì náà, mo máa yí i wò."